Ẹ Yan Ilé Orin Kí Ẹ Tó Yan Olórin

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham, ní Tottenham, ní Woolwich, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wà n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó náà yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Oṣù Kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún orin jáàsì Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Inú àjọ̀dún kékeré kan tó ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Camden láti 1970 ló ti jáde wá. Kì í ṣe orí pápá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é, pé kí wọ́n pàgọ́ kí gbogbo ayé wá pàdé síbẹ̀. Gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Royal Festival Hall létí odò Thames, òmíràn wà ní Barbican, òmíràn wà ní Ronnie Scott's ní Soho, òmíràn wà ní Vortex ní Dalston, àwọn kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ọtí. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan náà. Ara kan kò sì lè wà níbi méjì.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìwé ètò àjọ̀dún náà lọ́wọ́, orúkọ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìka tọ ojú ìwé náà títí wọ́n á fi kan orúkọ kan tí wọ́n mọ̀. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní owó gọbọi, wọ́n á lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n á padà sílé, wọ́n á ní àwọn ti lọ àjọ̀dún. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni èmi gbà pé ó yẹ kéèyàn ṣe. Ilé orin ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan olórin. Ilé tí wọ́n ti ń lu ìlù máa ń bá onílù lu ìlù náà ni, ó sì lè bá a lù ú dáadáa, ó sì lè bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ńlá. Ọdún 1951 ni wọ́n ṣí Royal Festival Hall, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí kúrò nínú ìparun ogun Hitler. Àyè ìjókòó ibẹ̀ lé ní 2,500. Ẹgbẹ́ onífáólìnì rẹpẹtẹ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn olórin tí kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Irú gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohùn kékeré dé etí ẹni tó jókòó sókè téńté. Tí wọ́n bá wá gbé odidi ìlù òyìnbó kalẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àwo idẹ rẹ̀ gbogbo, ohùn tó ti tán lórí ìtàgé ṣì lè máa yí kiri lókè. Onílù tó bá gbọ́n á dín ọwọ́ kù. Onílù tí kò bá fiyè sí ilé tó wà á kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra ni. Ẹ ò ní mọ èyí tí ọwọ́ lù, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i nínú ìwé ètò pé akọrin kan fẹ́ kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ onífáólìnì, tàbí pé ẹnì kan fẹ́ dá jókòó ti dùùrù láìsí ẹlòmíràn lórí ìtàgé, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ohùn dùùrù kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngán yẹn, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún èèyàn méjì tó dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tó yẹ kí èèyàn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ìlù ni òpómúléró wọn, ẹ lọ bá wọn ní ilé tó kéré.

Ti Barbican kò jìnnà sí èyí. Ọdún 1982 ni wọ́n ṣí i, àyè ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ 2,000. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kéèyàn tó rí ẹnu ọ̀nà, ojú á rí tó. Àárín àwọn ilé gogoro oníkọnkéré ló wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ́ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kun ilà aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ kí èèyàn lè tẹ̀ lé e. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú kún àsìkò yín nítorí ibẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ Soho. Ronnie Scott àti Pete King, tí àwọn méjèèjì ń fọn sasofóònù, ni wọ́n dá ilé orin Ronnie Scott's sílẹ̀ ní 1959, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní òpópónà Gerrard. Ní 1965 wọ́n kó lọ sí òpópónà Frith, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Èèyàn tí ó lé díẹ̀ ní 200 ló ń gbà. Tábìlì kéékèèké ló wà níbẹ̀, iná pupa ràkọ̀ràkọ̀ wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì jókòó débi pé tí wọ́n bá na ọwọ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà ẹni tó ń fọn fèrè. Owó ibẹ̀ kò kéré, oúnjẹ ibẹ̀ náà kò rọjú, ṣùgbọ́n ilé yẹn mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Vortex. Orí òkè ilé kan ní Gillett Square ní Dalston ló wà, ibẹ̀ ló kó wá ní 2005 láti Stoke Newington. Bí èèyàn 100 bá wọlé, ibẹ̀ ti kún. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó oṣù wà lára àwọn tó ń mú ilé náà dúró. Tí ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ èémí ẹni tó ń fọn fèrè kí ohùn tó jáde. Ẹ ó gbọ́ ìka tó ń fà lórí okùn béèsì. Ẹ ó rí ohun tí gbọ̀ngán ńlá kì í jẹ́ kí èèyàn rí, ìyẹn ni bí àwọn olórin ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Onídùùrù á gbójú sókè wo onílù. Onílù á mi orí díẹ̀, orin á sì yí padà. Ẹni tó ń dá tirẹ̀ ṣe á sọ ohùn kan kalẹ̀, onídùùrù á mú un lẹ́nu rẹ̀, á dá a padà fún un pẹ̀lú èlé. Ẹnì kan á ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí, ẹlòmíràn á bú sẹ́rìn-ín lórí ìtàgé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti àwọn àyàn rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìyáàlù ṣe ń sọ, tí omele ń gbè é, tí onílù ń fojú wá ẹsẹ̀ oníjó kó tó pinnu ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jáàsì rí nígbà tó bá wà ní ibi tó tọ́ sí i. Ẹni tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngán 2,500 kò lè rí ìpàdé ojú yẹn. Ìyọrísí rẹ̀ nìkan ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló kàn wá nínú jáàsì àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù? Ó kàn wá gan-an. Àwọn yàrá kéékèèké ìlú yìí, ọwọ́ àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀ ó ti pẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, tí èrò rọ́ dà sí Piccadilly Circus, àwọn ọmọ wa kan gbé gìtá àti ìlù jáde sáàárín èrò náà, wọ́n sì ń kọrin kiri. Aṣáájú wọn ni Ambrose Campbell, ọmọ bíbí Èkó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi gba orúkọ West African Rhythm Brothers. Ní 1946 wọ́n ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ oníjó Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó báléè àkọ́kọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Britain. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ilé ìgbafẹ́ kan wà ní òpópónà Berwick ní Soho, Abalabi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló ni ín. Ibẹ̀ ni Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré lálaalẹ́, tí àwọn olórin jáàsì òyìnbó sì ń wá jókòó láti gbọ́ bí ìlù wa ṣe ń rìn. Láti òpópónà Berwick dé òpópónà Frith tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Ronnie Scott's lálẹ́ àjọ̀dún lè yà gba ibẹ̀ kọjá. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń rìn ní Soho mọ̀ pé àwọn bàbá wọn ti gbé gìtá rìn níbẹ̀ ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn Campbell ni Ginger Johnson, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, àgbà onílù. Òun àti àwọn onílù rẹ̀ ni wọ́n wà lórí ìtàgé pẹ̀lú Rolling Stones ní Hyde Park ní oṣù Keje 1969, níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ó ní ilé ìgbafẹ́ tirẹ̀ rí ní Hampstead, Iroko lorúkọ rẹ̀. Fela náà ńkọ́? Ọdún 1958 ló dé Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rán an wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní Trinity College of Music. Nínú ìlú yìí ló ti kó ẹgbẹ́ olórin Koola Lobitos jọ, tí wọ́n ń fi jáàsì àti highlife ṣeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ilé tó jìnnà sílé. Kí Tony Allen tó di ẹni tó ń lu ìlù fún un l'Ékòó, rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà bíi Max Roach àti Art Blakey lòun náà ń tẹ́tí sí tó fi kọ́ra rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ ò rí i pé jáàsì kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Ohun náà kò sì dúró síbẹ̀. Dele Sosimi, tó ti jókòó ti dùùrù fún Fela nínú ẹgbẹ́ Egypt 80 láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló fi ṣe ibùgbé láti àwọn ọdún 1990, ó sì ti kọ́ àìmọye ọ̀dọ́ olórin ìlú náà ní bí Afrobeat ṣe ń rìn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ló wá dàgbà. Ẹ wo Ezra Collective. Femi Koleoso ló ń lu ìlù, TJ àbúrò rẹ̀ ló ń ta béèsì, Ife Ogunjobi ló ń fọn tírọ́ńpẹ̀tì. Femi gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Tony Allen fúnra rẹ̀. Ní 2023 wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury fún àwo orin wọn *Where I'm Meant to Be*, ẹgbẹ́ jáàsì kankan kò sì gba ẹ̀bùn náà rí ṣáájú wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ní àsìkò àjọ̀dún tí à ń sọ yìí gan-an, wọ́n ṣe eré ní Wembley Arena, ilé tó ń gba èèyàn tó lé ní 12,000.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, ìwọ tó ní ká má lọ ilé ńlá, kí lo fẹ́ sọ sí Wembley? Ìbéèrè tó dáa ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣeré fún ẹni tó jókòó. Jíjó ni wọ́n ń pè yín sí. Ilé tó bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ níwájú ìtàgé, bó ti wù kó tóbi tó, onílù ṣì lè rí oníjó níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wo ìwé ètò, ẹ wò ó bóyá ìdúró ni tàbí ìjókòó. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Afrobeat lórí ìjókòó gbọ̀ngán onítìmùtìmù, níbi tí ẹ ti ń bẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kẹ́ ẹ tó dìde, ìyà gbáà ni. Mi ò ní rán ọ̀tá mi lọ.

Ilé ìjókòó ní ìwà tirẹ̀ o, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Nínú jáàsì, tí ẹnì kan bá dá tirẹ̀ ṣe tán, àárín orin náà ni wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọn kì í dúró dìgbà tí orin bá parí. Ẹ pàtẹ́wọ́ náà, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ẹni tó ń ta béèsì, tí gbogbo àwọn yòókù dákẹ́ fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ìgbà yẹn nìkan ló sì ní láti sọ tẹnu rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí iná rẹ̀ ń tàn sójú ẹni ẹ̀yìn. Ẹ ya fọ́tò kan, kẹ́ ẹ gbé e sápò. Ní ti owó níná fún olórin lójú agbo, àṣà tó dáa ni, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn eré ni tiwọn. Ní ilé kékeré, olórin fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń ta àwo orin. Ẹ ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un ohun tó dùn mọ́ yín. Owó tó ń wọlé fún ẹni tó ṣeré fún èèyàn 100 kò tó nǹkan, àwo mẹ́wàá tó tà lálẹ́ yẹn lè jẹ́ owó ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn. Ẹ má ṣe gbìyànjú ilé mẹ́ta lálẹ́ kan. Méjì ti tó, ìkan sì yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Eré ọ̀fẹ́ pọ̀ nínú àjọ̀dún yìí, pàápàá ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, ní àgbàlá inú Royal Festival Hall àti ní ẹnu àbáwọlé Barbican, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé láìsí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti Waterloo, bọ́ọ̀sì 76 á gbé yín dé Dalston. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin lè gba Jubilee dé Canada Water, kó sì bọ́ sínú èyí tí wọ́n ń pè ní Windrush báyìí dé Dalston Junction. Tó bá jẹ́ alẹ́ Jímọ̀ọ̀ tàbí Sátidé, àwọn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, Jubilee àti Victoria wà lára wọn. Ní àwọn alẹ́ yòókù, ẹ wo àsìkò ọkọ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé eré ìkejì lè pẹ́, ó sì máa ń dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara àwọn olórin ti gbóná nígbà yẹn, àwọn tó wá nítorí orúkọ nìkan sì ti lọ sílé. Oòrùn oṣù Kọkànlá máa ń wọ̀ ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ aṣọ òtútù tó rọrùn láti bọ́, nítorí inú yàrá kékeré máa ń gbóná bí èrò bá kún ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tó ń ta béèsì, tó ń tẹ dùùrù, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Femi àti TJ Koleoso, inú ṣọ́ọ̀ṣì làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni Tomorrow's Warriors, ilé ẹ̀kọ́ tí Gary Crosby àti Janine Irons dá sílẹ̀ ní 1991. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, létí odò Thames, ní Southbank Centre kan náà tí Royal Festival Hall wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó olùkọ́ orin, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin pọ̀ sí i nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń ṣeré nígbà àjọ̀dún. Tí ẹ bá ní ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má dúró de orúkọ ńlá kankan. Ẹ mú un lọ sí eré ọ̀fẹ́ ọ̀sán Sátidé kan, kẹ́ ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tó ti lè rí ọwọ́ onílù àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ bí ọmọ ṣe ń forúkọ sílẹ̀.